Rudra, àtúnṣe Luther ní èdè Hindi: ṣé ọmọbìnrin yẹn ló ṣàṣejù ni, àbí gbogbo wọn ló jọ ṣe é?

Akin Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ àwa tá a fẹ́ràn fíìmù ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni mo gbé wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Luther ti BBC, èyí tí Idris Elba ṣe lọ́dún 2010, ẹ ti lè gbọ́ pé àwọn ará Íńdíà tún un ṣe. Rudra: The Edge of Darkness ni wọ́n pè é. Ó jáde lórí Disney+ Hotstar ní oṣù kẹta ọdún 2022, abala mẹ́fà péré. Ajay Devgn ló ṣe ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Rudra, Raashii Khanna ló ṣe Aliyah, ọmọ ọlọ́gbọ́n burúkú tí wọ́n pa òbí ẹ̀, Rajesh Mapuskar ló darí ẹ̀. Wọ́n gbé ìtàn náà kúrò ní London lọ sí Mumbai.

Mo wò ó tán, inú bí mi. Ìtàn Neil Cross, ẹni tó kọ Luther, náà ni, wọn ò yí i padà púpọ̀, nítorí náà a ò lè sọ pé ìtàn ò dáa. Owó ò sì wọ́n wọn, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà fò lókè Mumbai ní gbogbo ìgbà. Àṣejù ló bà á jẹ́. Láti ìgbà tí Raashii ti wọlé ni ojú ẹ̀ ti ń pariwo pé "èmi ni, èmi ni". Á ranjú, á fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wá máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ta ni ò ní mọ̀ pé òun ni? Kí wá ni ọlọ́pàá ń wádìí?

Ẹ sọ tẹnu yín. Ẹni tí ò bá tíì wo Luther kó yáa sá kúrò níbí, nítorí a máa tú gbogbo ẹ̀ síta.

Ìyá Ẹniọlá:
Akin, fíìmù Íńdíà lo lọ wò, kí lo wá retí? Láti 2015 tí Zee World ti dé orí DStv ni ojú mi ti mọ́ ọn. Ìyàwó ilé á gbọ́ pé ọkọ òun fẹ́ gbé ẹlòmíì wọlé, kámẹ́rà á sáré wá síwájú ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ààrá á sán, wọ́n á wá fi ojú gbogbo ẹbí hàn wá níkọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé tíì dání. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ o, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Mo sì gbádùn ẹ̀!

Ashwini Kalsekar tó ṣe ọ̀gá Rudra níbi iṣẹ́, ṣé ẹ dá a mọ̀? Òun ni Maham Anga nínú Jodha Akbar, ìyá tó tọ́ Akbar dàgbà. Obìnrin yẹn burú! Bó bá ti ń wo Jodha láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àyà mi á ti máa já.

Akin Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ẹ ti bá mi sọ ohun tí mò ń wá. Ashwini tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, orí fíìmù ojoojúmọ́ ló ti wá, síbẹ̀ nígbà tó dé inú Rudra, ó rọra ṣe tirẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá tí iṣẹ́ ti sú. Ta ló wá sọ pé ará Íńdíà ò lè ṣeré jẹ́jẹ́?

Bọ̀dá Peckham:
Ẹ kú ìjókòó o. London ni mo wà, mo sì wo Luther nígbà tó ń jáde lọ́wọ́ lórí BBC One. Akin, mo gbà pé nǹkan ò lọ dáadáa nínú Rudra, ṣùgbọ́n ìdí tó o mú wá ò dúró. O ní ojú ọmọ yẹn ti tú àṣírí. Àṣírí wo? Nínú Luther gan-an, abala kìn-ín-ní ò tíì jìnnà tá a fi mọ̀ pé Alice Morgan, ẹni tí wọ́n sọ di Aliyah nínú Rudra, ló pa bàbá àti ìyá ẹ̀, tó sì pa ajá wọn mọ́ ọn. Wọn ò fi pamọ́ fún wa rí. "Báwo ló ṣe máa mú un?" ni ìbéèrè ibẹ̀, torí Luther ti mọ̀, àmọ́ kò ní ẹ̀rí. Inú òkú ajá ni Alice tọ́jú ìbọn sí, wọ́n sì ti dáná sun òkú ajá náà.

Ẹ rántí yàrá tí Luther ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Luther yán. Ó yán lásán, bí ẹni tí oorun ń kùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé béèyàn bá yán níwájú wa, tiwa náà á máa bọ̀. Ti Alice ò bọ̀. Ibẹ̀ ni Luther ti mọ̀ pé nǹkan kan ò sí nínú obìnrin yìí tó wà nínú gbogbo èèyàn. Ẹ wá wo ohun tí Ruth Wilson, tó ṣe Alice, ṣe níbẹ̀: kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó.

Ká má tan ara wa o, Ruth Wilson náà ò ṣeré jẹ́jẹ́ nínú èyí tó kù. Ó ń gbé irun ojú sókè, ó ń fẹnu ṣẹ̀fẹ̀, ohùn ẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Béèyàn bá ní kóun ka ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tirẹ̀ lè ju ti Raashii lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Alice fúnra ẹ̀ ló ń ṣeré. Ó ti wo bí àwọn ọmọ aráyé ṣe ń sunkún, bí wọ́n ṣe ń tage, ó wá ń sín wọn jẹ. Tí ẹkún ẹ̀ bá pọ̀ jù, Alice ló ṣàṣejù, Ruth kọ́. Nínú Rudra, èmi ò rí Aliyah. Òṣèré tí wọ́n ti kì láyà pé "ìwọ ni wèrè ibẹ̀ o, jẹ́ kí wọ́n mọ̀" ni mo rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bọ̀dá, ẹ ṣé. Gbogbo bí mo ṣe ń wò ó lọ́jọ́sí, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Tóbilọ́lá:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin la máa ń kọ́kọ́ mú? Ìdí fíìmù Telugu ni Raashii ti gbajúmọ̀. Ní ti Hindi, Madras Cafe tó ṣe ní 2013 ló fi bẹ̀rẹ̀, ipa tó kó níbẹ̀ ò sì tó nǹkan. Wọ́n wá mú ipa tó le jù nínú gbogbo Luther, wọ́n kó o lé e lórí. Ó kúkú gbìyànjú.

Ajay Devgn ńkọ́? Ojú kan ló gbé láti abala kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà. Ìyàwó ti bá ẹlòmíì lọ, ojú yẹn. Ọ̀daràn fẹ́ já bọ́ látòkè, ojú yẹn. Inú ń bí i, ojú yẹn náà, ó kàn fi gbígbó ohùn sí i. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní "ojú ló fi ń ṣeré". Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń sọ pé òṣèré wa níbí ò ní ju ojú kan lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Tóbi ti tẹ ìrù ẹkùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Devgn ń bọ̀ 😂

Ìyá Ẹniọlá:
Èmi ti dé. Tóbi ọmọ mi, rọra. Ẹni tó gba ẹ̀yẹ òṣèré tó pegedé jù lọ lọ́wọ́ ìjọba Íńdíà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fún Zakhm, The Legend of Bhagat Singh àti Tanhaji, kò mọ eré ṣe? Ṣó o ti wo Drishyam ti 2015? Ojú kan tó ò ń bú yẹn ló fi di fíìmù yẹn mú. Bàbá tó lọ gbé irọ́ kalẹ̀, tó wá ń kọ́ ìyàwó àtọmọ bí wọ́n ṣe máa pa á láì gbọ̀n. Tójú ẹ̀ bá yí pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ tẹ gbogbo ilé nìyẹn. Àtúnṣe lòun náà o! Mohanlal ló kọ́kọ́ ṣe é lédè Malayalam ní 2013.

Ọ̀gá Edit:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé fíìmù kí n sì máa tò ó pọ̀, nítorí náà mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i látẹ̀yìn tábìlì tiwa.

Mummy àti Tóbi, ọ̀rọ̀ yín ò takora. Nínú Drishyam, ojú Devgn tí kì í yí padà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí ẹnì kejì tó dojú kọ ọ́ ni Tabu, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ọmọ ẹ̀ sọnù. Tabu náà ò sì pariwo. Ojú méjèèjì pa rọ́rọ́, ọmọ obìnrin yẹn ló wà láàárín wọn, àwa tá à ń wò la wá ń gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá ti gbé tirẹ̀ sókè nínú àwọn méjèèjì, ó ti bàjẹ́.

Ẹ wá gbé ojú kan náà lọ sínú Luther. Ìtàn Alice àti Luther, ìtàn èèyàn méjì ni. Tí Alice bá sọ̀rọ̀, Elba á rẹ́rìn-ín láì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù á bà á, á tún fẹ́ mọ̀ sí i, ojú á tì í pé òun fẹ́ mọ̀ sí i. Gbogbo ìyẹn hàn lójú ẹ̀. Ruth Wilson á ju bọ́ọ̀lù, Elba á gbà á, á dá a padà. Raashii ju bọ́ọ̀lù, kò padà. Ó tún ju òmíì, ó fi agbára kún un. Òṣèré tí ẹnì kejì ẹ̀ ò dá lóhùn, iṣẹ́ èèyàn méjì ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láì mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó á wá ní ó ṣàṣejù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe é. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígé wá kù. Òṣèré kì í ṣe ìran kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Òmíì á rọlẹ̀, òmíì á le. Ta ló mú èyí tó le jù? Kì í ṣe òṣèré. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, ta ló fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ lójú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí i kó lè rẹ́rìn-ín yẹn tán? Ta ló gbé ìlù ẹ̀rù sábẹ́ ẹ̀? Mo ti rí ibi tí mo gé ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kúrò lójú òṣèré kan, tí àwọn èèyàn sì yìn ín pé ó "jinlẹ̀". Ẹ̀rín nìkan ni mo gé o.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Àwọn tó ṣe Rudra ò gbà pé ẹni tó ń wò ní inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè dé. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń sọ ọ́, tí ẹnu ń sọ ọ́, tí ìlù tún ń sọ ọ́.

Bọ̀dá Peckham:
Mo fi fìlà lélẹ̀ fún Ọ̀gá Edit.

Akin Mọ́kọ́lá:
Ọ̀gá mi, mo gba ti gígé yẹn, mi ò sì gba ti bọ́ọ̀lù tán. Ọ̀pọ̀ ìran wà tí Raashii dá wà, tí Devgn ò sí nítòsí. Ta ni ò dá bọ́ọ̀lù padà níbẹ̀? Àwọn ọ̀daràn tó ń wá lábala lábala náà ńkọ́? Luther ní ti pé ọ̀daràn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní í wọlé, àwọn tó ṣe wọ́n sì ń dẹ́rù bani nítorí wọ́n dà bí aládùúgbò ẹni. Nínú Rudra, a ti mọ wèrè láti ẹnu ọ̀nà: irun á gùn, ojú á pọ́n, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ìyẹn ò kan Devgn.

Ọ̀gá Edit:
Ó kan olùdarí. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ òṣèré kan ló yàtọ̀, òṣèré ni. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ pé "ó ti tó" tàbí "ẹ fi kún un". Kì í sì í ṣe pé Mapuskar ò mọ iṣẹ́. Òun ló ṣe Ventilator lédè Marathi, ìjọba Íńdíà fún un ní ẹ̀yẹ olùdarí lórí ẹ̀. Àmọ́ fíìmù ẹbí ni yẹn, ilé ìwòsàn kún fún èrò, oníkálukú ń sọ tẹnu ẹ̀. Ariwo dáa níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ sí i, torí Ìyá Ẹniọlá sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀jẹ̀ ará Íńdíà ni àṣejù wà. Ibi tí eré Hindi ti wá ni ká wò. Kí fíìmù tó dé Bombay, ìyẹn Mumbai, eré orí ìtàgé àwọn Parsi, ẹ̀yà kan tó ti Páṣíà wá, ló gbòde níbẹ̀, orin, ọ̀rọ̀ gígùn, ìdà, ẹkún. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ rí ẹkún yẹn kó sì gbọ́ ọ. Àwọn òṣèré ibẹ̀ àti òǹkọ̀wé ibẹ̀ ló rọ́ wọ fíìmù nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní 1931. Ẹ rántí pé ọ̀nà tí àwọn Ògúnǹdé gbà wọ fíìmù níbí náà nìyẹn, láti orí ìtàgé.

Ohun kejì ni ohùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù Hindi kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ lójú kámẹ́rà. Wọ́n á ya àwòrán tán, òṣèré á padà lọ dúró síwájú ẹ̀rọ nínú yàrá kékeré, á tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ara ò sí níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó dojú kọ, ohùn nìkan ló kù tó fi máa ṣiṣẹ́, nítorí náà á gbé e sókè. Lagaan ti 2001 wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré gan-an. Mi ò sọ pé bí wọ́n ṣe ṣe Rudra nìyẹn o. Mò ń sọ pé etí àwọn èèyàn ti mọ́ ohùn ńlá kí Rudra tó dé.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwáwí. Ẹ wo Criminal Justice ti 2019, ti BBC lòun náà tẹ́lẹ̀, Hotstar náà ló gbé e jáde. Pankaj Tripathi ṣe lọ́yà tí ara ń yún. Ó kàn ń ha ẹsẹ̀ ni. Ó ń ha ẹsẹ̀, ó ń wá oníbàárà, ó ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́, o ò sì ní lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Applause, wà lára àwọn tó ṣe Rudra. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá Ẹniọlá:
Ah, Pankaj! Ọkùnrin yẹn lè ka orúkọ inú ìwé ìdìbò kí n jókòó gbọ́ ọ tán.

Tóbilọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìjẹ̀bú, Pankaj kì í ṣe gbajúmọ̀ bíi Devgn nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n fi alùpùpù méjì gbé wọnú fíìmù ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1991, tí ẹsẹ̀ kan wà lórí ọ̀kan, tí èkejì wà lórí ìkejì, ta ló máa sọ fún un kó ṣe bí ọkọ tí ìyàwó já jù sílẹ̀? Elba gbà kí wọ́n rí òun níbi tí ojú ti tì í, ó fọ́ ilẹ̀kùn nínú ilé ìyàwó ẹ̀, ó wá dúró bí ẹni tí ò mọ ohun tó kàn. Devgn, wọ́n tún ń fi orin kì í tó bá ń rìn lọ.

Bọ̀dá Peckham:
Tóbi, o sọ̀rọ̀ àgbà níbẹ̀ yẹn. Elba ti gba Golden Globe fún Luther ní 2012, tí ẹ bá sì wo iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nà án tàbí tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ṣe bó ṣe yẹ ní Rudra, lójú tèmi, ni Atul Kulkarni. Òun ni Gautam, ọ̀rẹ́ Rudra, ipa tí wọ́n pè ní Ian Reed nínú Luther. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀rẹ́ gidi, ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀ dunni. Tí gbogbo wọn bá ti wò ó kí wọ́n tó ṣe tiwọn ni.

Ọ̀gá Edit:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń jiyàn, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ pa ohùn. Ẹ wo ibi tí Luther àti Alice ti kọ́kọ́ jókòó dojú kọra, láìsí ohùn rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ti Rudra àti Aliyah bákan náà. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ń borí nínú ìran kọ̀ọ̀kan.

Tóbilọ́lá:
Mo ti ṣe é. Ti Luther, mi ò mọ ẹni tó ń borí. Mo rò pé ọkùnrin ni, mo tún rò pé obìnrin ni, mo padà sẹ́yìn lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti Rudra, kíá ni mo ti mọ̀: ọ̀kan burú, ọ̀kan dáa. Mo ṣì ń bá Raashii kẹ́dùn o. Àmọ́ níbi tí ohùn ò sí yẹn, ó hàn pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá.

Akin Mọ́kọ́lá:
Èmi náà ṣe é. Ọ̀gá Edit, mo fún yín ní ti bọ́ọ̀lù. Ti àwọn wèrè onírun gígùn yẹn ni mi ò fi sílẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá:
Ẹ ti jẹ́ kó wù mí kí n wo Luther báyìí. Ṣé kò sí àtúnṣe míì tó dáa ju ti Íńdíà lọ ni?

Bọ̀dá Peckham:
Ó pọ̀, mummy. Rọ́ṣíà ṣe tiwọn ní 2016, wọ́n pè é ní Klim. Faransé ṣe tiwọn lórí TF1 ní 2021. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ wò ni ti Kòríà, Less Than Evil, tí MBC gbé jáde ní 2018. Shin Ha-kyun ló ṣe ọlọ́pàá ibẹ̀. Wọ́n sọ Alice di oníròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, nítorí náà ìdí wà tó fi lè máa tẹ̀ lé ọlọ́pàá kiri, tó sì lè máa béèrè ọ̀rọ̀ láìsí pé ó ń ranjú mọ́ ẹnikẹ́ni. Luther ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ṣá. Tẹ́ ẹ bá dé ti Kòríà, ẹ má wo èyí tí wọ́n ti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò, ohùn wọn gan-an ni kẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ máa ka ti ìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá:
Kíkà kẹ̀? Ó dáa, màá lọ wá gíláàsì mi.